Ẹni Tó Ń Gbọ́ fún Torgny

Nígbà kẹta tí Torgny sá alùpùpù orí yìnyín náà kọjá lórí adágún tó dì, kò gbọ́ nǹkan kan bí kò ṣe ariwo. Ìbòtí ńlá méjì wà létí rẹ̀ lábẹ́ akoto. Rọ́bà kan ti ara wọn jáde, ó gba iwájú ẹ̀wù òtútù rẹ̀ lọ bá páìpù bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó fi bóòtù dè mọ́ orí ẹ́ńjìnnì. Ohunkóhun tó bá ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì, ibẹ̀ ló yẹ kó gbà wọ inú etí rẹ̀. Ó tẹná mọ́ ọn. Yìnyín fọ́n sẹ́yìn rẹ̀, àwọn igi etí adágún di ìlà dúdú kan ṣoṣo, ariwo náà sì kún gbogbo orí rẹ̀. Ìró kékeré kan ló ń wá nínú ariwo ńlá yẹn. Kò rí i. Nígbà tí kò rí i, ó sọ fún ara rẹ̀ pé kò sí níbẹ̀ ni.

Tuva tó ni ẹ̀rọ náà dúró sí etí adágún, ó káwọ́ mọ́ àyà, ó ń wò ó. Iṣẹ́ Tuva ni kó máa tọ́jú àwọn òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wà lórí òkè. Bí yìnyín bá bo òpó kan tí fóònù gbogbo àfonífojì kú, òun ni wọ́n ń rán lọ, òun nìkan. Lọ́la yìí, òpó tó jìnnà jù nínú gbogbo wọn ló ń lọ, ọgọ́ta kìlómítà sí títì tó súnmọ́ ọn jù. Fóònù kò lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀, nítorí òpó tó yẹ kó gbé fóònù náà ló fẹ́ lọ tún ṣe. Ó ní ohun kékeré kan tí ó lè tẹ̀ láti fi pe ìrànlọ́wọ́, ṣùgbọ́n bí ìjì bá ń jà, ó lè di ọjọ́ kejì kí ẹnikẹ́ni tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀rọ rẹ̀ àtijọ́ rì sínú yìnyín jíjìn ní ìdajì òkè yẹn, torí pé kò lágbára tó. Wákàtí mẹ́sàn-án ló fi ẹsẹ̀ rìn kó tó rí ilé. Ìdí nìyẹn tó fi ra èyí, tó ní tọ́bò, abẹ̀bẹ̀ kékeré tó máa ń ki afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì ju bí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ṣe lè mí lọ.

Torgny dúró níwájú rẹ̀, ó pa ẹ̀rọ, ó ṣí akoto kúrò lórí.

"Ó dáa," ló wí.

"Ṣé ẹ ò gbọ́ nǹkan kan?"

"Ó mọ́ tónítóní."

Tuva rẹ́rìn-ín. "Etí yín yìí, Bàbá Torgny. Bàbá mi máa ń sọ pé kí ẹ́ńjìnnì tó rò ó pé òun fẹ́ ṣàìsàn, ẹ ti gbọ́."

Torgny náà rẹ́rìn-ín, ó yíjú sí ibi tí ilé rẹ̀ wà, ó ní kí wọ́n lọ mu kọfí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ yìí níbí, kí ó má baà pẹ́ jù. Torgny kò ní etí kankan. Ogójì ọdún tó ti ń fi orí sínú ẹ́ńjìnnì ti ba gbogbo ohùn tínínrín jẹ́ fún un. Kò gbọ́ ẹyẹ mọ́, kò gbọ́ ìkòkò tó bá ń hó. Majken, ìyàwó rẹ̀, ló ni etí tí gbogbo ìlú wọn, Tärnaby, ń pariwo rẹ̀.

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ ni pé ní ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ ń gbìyànjú tọ́bò, Torgny fẹ́ kí ẹrù díẹ̀ wà lẹ́yìn ẹ̀rọ kó lè di yìnyín mú. Ó ní kí Majken wá jókòó. Majken ní òun ò ṣe ẹrù fún ẹnikẹ́ni àfi tí wọ́n bá fún òun ní ohun tí òun á máa ṣe. Ó gba ìbòtí lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, ó fi sí etí ara rẹ̀. Wọn ò tíì dé ìdajì adágún tó fi gbá a lẹ́yìn gbà-gbà pé kó dúró. Torgny bínú. Ó ní òun ò gbọ́ nǹkan kan. Majken ní ó ń ró bí ìgbà tí ẹni kan bá ń da ìrẹsì sórí páànù, wẹẹrẹ wẹẹrẹ, lábẹ́ ariwo gbogbo. Wọ́n tú ẹ́ńjìnnì, wọ́n rí i pé orí písítìn ti ń jẹ bí eyín tó ti kẹ̀. Epo ti ń bú nínú rẹ̀ kí àsìkò tó tó. Bí wọ́n bá fi sílẹ̀ díẹ̀ sí i, ihò ni ì bá dá lù.

Láti ọjọ́ náà, ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n gbáko, Majken ló ń jókòó lẹ́yìn. Òun ń gbọ́, Torgny ń wà á. Àwọn tó ni ẹ̀rọ máa ń dúró sí etí adágún, wọ́n á máa wo tọkọtaya náà bí wọ́n ṣe ń lọ tí wọ́n ń bọ̀. Wọ́n rò pé Torgny ń gbé ìyàwó rẹ̀ ṣeré ni. Wọ́n tilẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó fẹ́ràn obìnrin náà débi pé kò lè dá sáré. Bí wọ́n bá padà dé, Majken á wọlé lọ gbé omi kọfí kaná, Torgny á sì dúró lọ́dọ̀ àwọn ọkùnrin náà láti sọ ohun tí "òun" gbọ́. Nígbà àkọ́kọ́ tó sọ bẹ́ẹ̀, ó sọ ọ́ torí pé ẹni tó ni ẹ̀rọ jẹ́ irú ẹni tí yóò fi rẹ́rìn-ín bí ó bá gbọ́ pé obìnrin ló sọ ọ́. Nígbà kejì, ó sọ ọ́ torí pé ó ti sọ ọ́ nígbà àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, kò nílò ìdí mọ́.

Majken kú ní oṣù kọkànlá, ọdún kejì sẹ́yìn. Àìsàn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni. Ní oṣù kejìlá àwọn oníbàárà tún bẹ̀rẹ̀ sí í kanlẹ̀kùn, Torgny sì fi ìbòtí náà sí etí ara rẹ̀. Kí ni ì bá sọ fún wọn?

Kò gbọ́ nǹkan kan, kò sì jẹ́wọ́ pé òun ò gbọ́. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń bu epo fún ẹ́ńjìnnì ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì ń dín afẹ́fẹ́ tọ́bò kù, kí nǹkan kan má baà bú. Ẹ́ńjìnnì kì í kú, ṣùgbọ́n kì í sáré. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, àwọn oníbàárà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan ní ẹ̀rọ òun ti di màlúù tó lóyún. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé tiwọn lọ sí ibòmíràn, ilé tó ti máa ń kún lójoojúmọ́ ìgbà yìnyín wá dákẹ́.

Lẹ́yìn náà ni ti Sture ṣẹlẹ̀. Sture ni aládùúgbò rẹ̀, òun nìkan ló ṣì ń wá mu kọfí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ní gbogbo Sátidé. Ní oṣù kìíní ọdún yìí ó bẹ Torgny pé kó fún ẹ̀rọ òun ní agbára gidi bíi ti àtijọ́. Torgny gbà, torí kò fẹ́ kí Sture náà lọ síbòmíràn. Ó gbọ́ ariwo lásán, ó ní ó dáa. Ọjọ́ kẹjọ, ẹ́ńjìnnì náà nọ́ọ̀kì, ìka lè wọ inú ihò tó dá sórí písítìn rẹ̀. Torgny wo ojú Sture, ó ní epo tó rà ni kò dáa. Sture gbà á gbọ́ ní kíá. Ó lọ bá ọkùnrin ilé epo jà, láti ìgbà náà ló sì ti ń wakọ̀ ogójì kìlómítà lọ ra epo ní ìlú mìíràn. Torgny kò lè wo ojú rẹ̀ mọ́. Sátidé méjì ni Sture kanlẹ̀kùn tí Torgny jókòó jẹ́ẹ́ nínú ilé bí ẹni tí kò sí. Lẹ́yìn ìyẹn Sture kò wá mọ́.

Ọkùnrin tí Tuva wá bá láti tún ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe nìyẹn.

Wọ́n dé ilé. Tuva bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ìbọ̀wọ́ rẹ̀ kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò kó lè gbẹ. Torgny gbé kọfí kaná, ó gé wàrà líle sínú agolo méjèèjì bí wọ́n ti ń mu kọfí níbẹ̀, ó ní òun fẹ́ yọ púlọ́ọ̀gì wò nínú ṣọ́ọ̀bù, òun ń bọ̀. Majken ló kọ́ ọ ní ìyẹn náà. Majken a máa sọ pé etí lè ṣàṣìṣe, pé kí wọ́n máa yẹ púlọ́ọ̀gì wò lẹ́yìn eré kọ̀ọ̀kan. Fún ọdún méjì ó ti ń yọ ọ́ ní kánkán, kò sì wò ó pẹ́, torí ẹ̀rù ohun tó lè rí ń bà á.

Lọ́tẹ̀ yìí ó jókòó síwájú fèrèsé. Ó fi awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wò ó. Lára funfun púlọ́ọ̀gì náà, àwọn èérún wínníwínní kan ń tàn yinrin, bí ẹni fi ìka wọ́n iyọ̀ sí i. Ó mọ ohun tó jẹ́. Ara písítìn ló ń hó kúrò díẹ̀díẹ̀ tó ń fò lẹ̀ mọ́ ibẹ̀. Ó yọ ìkejì, bákan náà ni. Epo ti ń bú kí àsìkò tó tó nínú ẹ́ńjìnnì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé ó mọ́ tónítóní, òun gan-an ló sì gùn ún, tí rọ́bà wà létí rẹ̀.

Ó jókòó síbẹ̀ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi tutù. Ó lè ṣe bó ṣe máa ń ṣe, kó bu epo púpọ̀ fún un, kó dín afẹ́fẹ́ rẹ̀ kù, kó sì dákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí kò lágbára ló já Tuva sílẹ̀ ní ìdajì òkè lọ́dún tó kọjá. Bí ó bá sì fi í sílẹ̀ báyìí, ẹ́ńjìnnì yóò nọ́ọ̀kì níbi tó ti ń fipá gun òkè, níbi tí kò sí ẹnikẹ́ni. Àárín méjèèjì ló yẹ kó wà. Ẹni tó bá ń gbọ́ nìkan ló sì lè rí àárín yẹn.

Ó mọ̀ pé bí òun bá sọ ọ́, ó parí nìyẹn. Àfonífojì yẹn kò tóbi. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo ènìyàn yóò ti gbọ́ pé Torgny kò ní etí, ẹnì kankan kò sì ní gbé ẹ̀rọ wá sílé rẹ̀ mọ́. Kò ní ọmọ, kò ní ẹbí nítòsí. Ẹ̀rọ ló ń mú ènìyàn wá mu kọfí rẹ̀.

Nígbà tó padà wọlé, Tuva ti bu kọfí kejì fún ara rẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀ nípa bàbá rẹ̀, Hilding, pé orúnkún kò jẹ́ kó gun ẹ̀rọ mọ́, pé ó kàn ń jókòó síwájú fèrèsé, ó ń dárúkọ ẹ̀rọ tó bá ń kọjá. Torgny jókòó, ó ń gbọ́ èyí tó lè gbọ́ nínú rẹ̀, ó ń ka ẹnu rẹ̀ fún ìyókù. Ó dùn mọ́ ọn pé ẹnì kan wà nínú ilé ìdáná náà tó ń sọ̀rọ̀. Ó jẹ́ kó sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí i, mo sì rò pé a lè foríjì í fún ìyẹn.

Lẹ́yìn náà ó gbé púlọ́ọ̀gì méjèèjì sórí tábìlì, ó fi awò náà tì í.

"Wò ó."

Tuva wò ó. "Kí ni èyí tó ń dán yìí?"

"Písítìn rẹ ni."

"Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé ó mọ́ ni."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ ní ẹ ò gbọ́ nǹkan kan."

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan lóòótọ́," ni Torgny wí. "Mi ò lè gbọ́ ọ. Mi ò gbọ́ ọ rí láyé mi, Tuva. Majken ló ń gbọ́ ọ."

Ó rò pé Tuva yóò pariwo. Kò pariwo. Ó gbé awò sílẹ̀, ó sì wo ojú rẹ̀ lọ́nà tó burú ju ariwo lọ.

"Ní aago márùn-ún ìdájí ọ̀la ni mo fẹ́ gùn ún lọ," ló wí.

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ ibi tí mò ń lọ."

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ sì wò mí lójú, ẹ ní ó mọ́ tónítóní."

Torgny sọ ti Sture fún un bákan náà, torí ọ̀rọ̀ tí ẹnu ti ṣí fún kò ṣe é pa dé mọ́. Ó ní epo Sture kò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan. Tuva fọwọ́ bo ojú.

"Ogójì kìlómítà," ló wí látẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀. "Bàbá àgbàlagbà ń wakọ̀ ogójì kìlómítà lọ ra epo kan náà. Ó ti bá ọkùnrin yẹn jà débi pé wọn kì í kí ara wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì mọ́."

"Màá lọ bá a."

"Ẹ lọ bá a lónìí."

"Màá lọ lónìí."

Tuva dìde, ó mú ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Torgny rò pé ó ń lọ nìyẹn. Kò ní í dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n kò lọ síbi bàtà rẹ̀. Ó dúró láàárín ilé ìdáná, ó ń ronú bí ènìyàn ṣe ń ronú nígbà tí iṣẹ́ ọ̀la kò ṣe é sún síwájú. Gbogbo àfonífojì kò ní fóònù láti ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn arúgbó wà níbẹ̀ tí kò lè pe dókítà.

"Ṣé etí ẹlòmíràn lè ṣe é?" ló bi í.

"Bí ó bá dáa."

"Temi dáa. Ẹ wá fi hàn mí."

Wọ́n padà sí ṣọ́ọ̀bù. Torgny ti púlọ́ọ̀gì tuntun méjì bọ̀ ọ́, kí àwọn tí wọ́n máa wò lẹ́yìn náà lè sọ òtítọ́ tiwọn. Ó bi í irú epo tó wà nínú táńkì, iye ọjọ́ tó ti wà níbẹ̀, bóyá irú rẹ̀ kan náà ni yóò gbé lọ sókè. Ó ní ẹ̀rọ tí a bá fi epo kan tún ṣe, epo yẹn náà ló gbọ́dọ̀ máa mu. Ó so kọ̀ǹpútà alágbèéká mọ́ ọn. Ó ṣàlàyé pé nǹkan mẹ́ta ni wọ́n lè yí: wọ́n lè dín afẹ́fẹ́ tí tọ́bò ń kì wọlé kù, wọ́n lè jẹ́ kí iná púlọ́ọ̀gì pẹ́ díẹ̀ sí i kó tó tàn, wọ́n sì lè fi epo kún un. Ó ní ẹyọ kan ni wọn yóò máa yí lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n lè mọ èyí tó ṣiṣẹ́. Ohùn rẹ̀ le bó ṣe ń sọ ọ́. Iṣẹ́ yìí ṣáà ni ó mọ̀.

"Bí o bá ti gbọ́ ọ," ló wí, "lù mí lẹ́yìn lójú ẹsẹ̀. Má ṣe dúró kó o dá a lójú. Màá fi iná sílẹ̀. Eré kúkúrú la ó máa sá, a ó sì jẹ́ kó tutù kí a tó tún sá òmíràn. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta péré ti tó fún nǹkan yẹn láti jẹ písítìn."

"Báwo ló ṣe ń ró?"

Torgny ń wá ìró náà nínú orí rẹ̀ bí ẹni ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò, kò sì sí ìró kankan níbẹ̀. Ohùn Majken nìkan ló bá pàdé, bí ó ṣe ń sọ ọ́.

"Ó ní ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá ń da ìrẹsì sórí páànù," ló wí. "Lábẹ́ ariwo, kì í ṣe lókè rẹ̀. Ó ní kí n má wá a nínú ariwo. Kí n jẹ́ kí ariwo kọjá lọ."

Wọ́n lọ sórí adágún. Tuva jókòó lẹ́yìn rẹ̀, ó fi ìbòtí sí etí, ó di ìgbànú ẹ̀wù Torgny mú. Ó ti tó ọdún méjì tí ẹnikẹ́ni ti jókòó síbẹ̀. Torgny gbàgbé láti tẹná fún ìgbà díẹ̀, Tuva sì ní láti bi í bóyá ẹ̀rọ ti kú.

Eré àkọ́kọ́, kò lù ú. Torgny dúró, ó bojú wẹ̀yìn. Tuva mi orí: kò gbọ́ nǹkan kan. Torgny mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, púlọ́ọ̀gì ti jẹ́rìí. Bí Tuva náà kò bá gbọ́ ọ, kò sí ọ̀nà mìíràn. Ó ní kó di ojú, kó má ronú nípa ẹ̀rọ rárá, kó ronú nípa ìrẹsì. Tuva wò ó bíi pé orí rẹ̀ ti dàrú, ṣùgbọ́n ó di ojú.

Eré kejì, ní ìdajì adágún, ó lù ú lẹ́yìn tó bẹ́ẹ̀ tí àyà rẹ̀ fi kan ọwọ́ ẹ̀rọ. Torgny fi iná sílẹ̀ kíá.

"Ó wà níbẹ̀," ni Tuva wí. "Ọlọ́run mi. Ó wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ ò gbọ́ ìyẹn?"

"Mi ò gbọ́ ọ."

Wọ́n dín afẹ́fẹ́ tọ́bò kù díẹ̀, wọ́n jẹ́ kó tutù, wọ́n tún sá. Ó lù ú lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ó pẹ́ díẹ̀ kó tó lù ú. Torgny fa àsìkò iná sẹ́yìn díẹ̀, wọ́n tún sá. Tuva ní ó kù bí hóró ìrẹsì méjì tàbí mẹ́ta, níbi tí eré ti fẹ́ dé òkè pátápátá. Torgny fi epo kún ibẹ̀ nìkan, kò fi kún ibòmíràn. Wọ́n tún sá, láti etí adágún kan dé ìkejì, ẹnikẹ́ni kò sì lu ẹnikẹ́ni. Wọ́n sá a lẹ́ẹ̀mejì sí i. Wọ́n yọ púlọ́ọ̀gì, wọ́n wò ó nínú oòrùn, àwọn méjèèjì fi ojú kan awò náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Funfun rẹ̀ mọ́, èérún kankan kò sí níbẹ̀. Ẹ̀rọ náà sì ṣì lágbára. Kò lágbára tó bí Tuva ṣe béèrè, ṣùgbọ́n ó lágbára tó òkè yẹn, yóò sì gùn ún padà wálé.

Torgny fún un ní púlọ́ọ̀gì méjì sí i kó fi sápò. Ó ní bí òtútù bá le ju tòní lọ lọ́la, kó má tẹ ẹ́ dé ìdí, torí afẹ́fẹ́ tútù máa ń ki púpọ̀ wọlé ju bí a ṣe rò lọ, epo tí wọ́n sì wọ̀n fún un lónìí kò ní tó o mọ́. Tuva ní òun gbọ́. Ó tú ìbòtí kúrò létí, ó di í mú lọ́wọ́, kò tíì fún un.

"Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n," ló wí. "Bàbá mi fi ẹ̀rọ tẹ́ ẹ tún ṣe gun òkè fún ọdún mọ́kànlá. Gbogbo Kérésìmesì ló máa ń gbé ẹja wá fún yín. Mo máa ń bá a wá. Màmá Majken á fún mi ní búrẹ́dì."

"Mo rántí."

"Ó máa ń gbá yín lọ́wọ́ mú, á ní òun wà láàyè nítorí etí yín. Màmá Majken á wà níbẹ̀, á máa gbé agolo kọfí kúrò nílẹ̀."

Torgny ń wo yìnyín.

"Ṣé kò dùn ún?" ni Tuva bi í.

Ó lè purọ́ sí ìyẹn náà. Ó lè ní Majken máa ń fi rẹ́rìn-ín, tàbí pé Majken ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni láyé tí yóò já a ní irọ́.

"Mi ò bi í rí," ló wí.

Tuva gbé ìbòtí náà lé e lọ́wọ́, kì í ṣe pẹ̀lú ìbínú, kì í sì í ṣe pẹ̀lú àánú. Ó ní òun ní láti lọ sùn ní kùtùkùtù. Ó gun ẹ̀rọ rẹ̀, ó de akoto mọ́rí, lẹ́yìn náà ló tún ṣí gíláàsì iwájú rẹ̀ sókè.

"Bàbá mi á bi mí bó ṣe lọ," ló wí. "Kí ni kí n sọ fún un?"

Torgny mọ ohun tó ń bi í. Bí ó bá ní kó má sọ ọ́, bóyá kò ní sọ ọ́. Àwọn oníbàárà díẹ̀ tó kù yóò ṣì máa wá, wọn yóò máa jókòó sí ilé ìdáná rẹ̀, òun yóò sì máa bu kọfí fún wọn.

"Sọ fún un pé Majken ni," ló wí. "Sọ fún gbogbo wọn. Ní Majken ló gbọ́ ti Hilding, òun ló gbọ́ ti gbogbo wọn, pé èmi kàn ń wà á ni."

Tuva gbà bẹ́ẹ̀, ó pa gíláàsì dé, ó tẹná. Torgny wò ó bí ó ṣe gba orí adágún lọ, tó gun etí rẹ̀ kejì, tó wọ àárín igi. Lẹ́yìn náà kò rí i mọ́. Bí ó bá jẹ́ ẹlòmíràn ló dúró síbẹ̀, yóò ṣì máa gbọ́ ẹ̀rọ náà fún ìgbà díẹ̀, yóò sì mọ ìgbà tó parí, yóò wá yí padà lọ sílé. Torgny kò mọ ìgbà tó parí. Ó dúró sí etí adágún pẹ̀lú ìbòtí lọ́wọ́ títí ó fi rò pé ẹnikẹ́ni tó bá ń gbọ́ yóò ti lọ, lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sí ilé Sture.